Ilẹ̀kùn Kan, Àsè Kan: Ọ̀rọ̀ lórí Owó Tí A Ń Dá fún Ilé Àtijọ́ ní Pópó Àgùdà

Mo kí gbogbo ìjókòó, mo sì júbà ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti mọ Èkó kí wọ́n tó bí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọjọ́ Àbámẹ́ta yín sílẹ̀ wá sí Yábàá láti gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa ilé tó ń wó, ẹ ṣeun. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kówó jọ láti tún ilé àtijọ́ ṣe. Èmi kì í ṣe ayàwòrán ilé, n kì í sì í ṣe agbẹjọ́rò. Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ohun tí mo ní láti sọ kò ju ohun tí mo fojú ara mi rí lọ, ní àsè alẹ́ kan tí mo lọ ní Erékùṣù Èkó nítorí ilé alájà kan ní Pópó Àgùdà, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí owó àsè náà lẹ́yìn tí wọ́n ti kó àga kúrò nílẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé náà, n kò sì ní dárúkọ ìdílé tó ni ín, nítorí ọ̀rọ̀ wọn kò tíì parí láàárín ara wọn.

Irú ilé wo ni à ń wí? Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, ìyẹn àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, àti àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n padà wálé. Ìpadàbọ̀ yẹn gbóná lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, dì ní Bahia ní 1835, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fura sí gbogbo aláwọ̀ dúdú tó ti ra ara rẹ̀ padà. Wọn kò wálé lọ́wọ́ òfo. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbé dé, bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ, alásè, àwọn ló sì fi ojú tuntun sí ilé kíkọ́ ní Èkó: ilé alájà tí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ lórí bí òṣùmàrè, tí òdòdó tí a fi ọwọ́ mọ yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ká, tí pákó ilẹ̀ rẹ̀ lókè sì máa ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ẹni ń bá ọ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gba òpópónà Bámgbóṣé dé Campos Square lónìí, tí ẹ gbójú sókè ju pátákó àwọn olùtajà lọ, ẹ ó ṣì rí díẹ̀ nínú wọn láàárín àwọn ilé oníbúlọ́ọ̀kù gíga gíga.

Gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ṣe àsè náà, kì í ṣe Pópó Àgùdà. Tábìlì ni wọ́n ń tà, kì í ṣe ìjókòó, èèyàn mẹ́wàá sí tábìlì kan; ọmọ ilé ìwé mi àtijọ́ kan ló ra tábìlì tí ó fi mí sí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lẹ́yìn mi pé irú nǹkan yìí, kí á jẹun kí á sì dáwó, àṣà òyìnbó ni. N kò gbà. Ẹni tó bá mọ ọ̀wẹ̀ mọ̀ pé ilé kíkọ́ àti oúnjẹ kò yàtọ̀ síra láéláé nílẹ̀ wa. Nígbà tí baba kan bá fẹ́ mọ ilé, yóò bẹ àna, ẹbí àti ẹgbẹ́ lọ́wẹ̀. Wọn yóò po amọ̀, wọn yóò mọ ìpele kan dìde lọ́jọ́ náà, onílé yóò sì se iyán àti ọbẹ̀ tó dára fún wọn. Ohun tó yí padà ni pé ẹni tó ń jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì yìí kò ní amọ̀ lọ́wọ́. Owó rẹ̀ ló ń lọ po amọ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní dé ibẹ̀ wo bí wọ́n ṣe pò ó.

Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ nìkan kọ́ ni àwọn baba wa mọ̀. Wọ́n tún mọ àáró, níbi tí èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti ń yípo láti oko ẹnì kan dé oko ẹnì kejì, láìsí ariwo, láìsí iyán ńlá, títí iṣẹ́ ọdún yóò fi parí. Ọ̀wẹ̀ ni fún ohun tó tóbi tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Àáró ni fún ohun tí kì í tán. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju pé ilé àtijọ́ kò nílò ọ̀wẹ̀ tó bí ó ṣe nílò àáró lọ, àti pé àwa ọmọ Èkó ti mọ ọ̀wẹ̀ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n a ti gbàgbé àáró.

Oúnjẹ ni n kò ní fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn. Wọ́n gbé ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi omi àgbọn sè wá, èyí tí àwọn Àgùdà ń pè ní frejon, tí wọ́n máa ń jẹ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ó dùn lẹ́nu èmi. Àwọn tó dàgbà ní Pópó Àgùdà lára wa ní ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ayàwòrán ilé tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀. A ti ń retí kí ó tan àwòrán sára ògiri fún wa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fa ọ̀rá dúdú kan yọ lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó mú àfọ́kù ògiri kan jáde, ó ní kí a máa gbé e kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ jẹ́ amọ̀ pupa, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ sìmẹ́ǹtì tó nípọn tó ìka méjì. Láàárín àwọn méjèèjì, nǹkan funfun kan wà níbẹ̀ bí ìyẹ̀fun tó lẹ̀ mọ́ ìdí agbọ̀n. Nígbà tí ó fi dé tábìlì tiwa, amọ̀ ti ń já bọ́ sórí aṣọ tábìlì funfun, agbáwo kan sì dúró tì wá pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá kí òun nù ún tàbí kí òun fi í sílẹ̀. Ìyá kan tó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi fi ìka kan ìyẹ̀fun náà, ó fi kan ahọ́n. Ó yíjú sí mi. Ó ní, “Tíṣà, iyọ̀ mà nìyí.”

Iyọ̀ ni lóòótọ́. Erékùṣù ni Èkó, omi kò jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé ibẹ̀, ọ̀rinrin inú ilẹ̀ a sì máa gun ògiri amọ̀ bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Àwọn tó kọ́ ilé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láìmù ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, ìyẹn ẹfun tí a rí nígbà tí a bá sun òkúta rẹ̀ tàbí ìkarahun nínú iná tó gbóná gidigidi. Láìmù kò le bíi sìmẹ́ǹtì, àǹfààní rẹ̀ sì nìyẹn, nítorí ó ń jẹ́ kí ògiri mí: ọ̀rinrin tó bá gòkè a rí ọ̀nà jáde, oòrùn àti afẹ́fẹ́ a sì fà á lọ. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì wá pọ̀ lọ́jà, àwọn ọmọ ọmọ onílé rò pé àwọn ń bọ̀wọ̀ fún baba àwọn, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bo ilé náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Omi há sínú amọ̀. Iyọ̀ tó bá omi gòkè ṣù jọ lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, ó ń wú, ó sì ń hó amọ̀ lára ògiri díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, tó fi jẹ́ pé ilé tó ń dán lójú òpópónà ti di ìyẹ̀fun nínú. Ìfẹ́ ló ba ilé náà jẹ́, kì í ṣe ìkórìíra. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó rọrùn fún wa láti máa bú àwọn tó ń gbé inú ilé wọ̀nyí.

Ayàwòrán ilé náà wá sọ ohun tí owó wa yóò ṣe. Òrùlé ló kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ó ní bí páánù bá jò, pákó àjà yóò rà, ikán yóò sì tọ ọ̀rinrin náà wọlé, gbogbo òdòdó tí a bá mọ sí ojú ilé kò sì ní ju ọ̀ṣọ́ ara òkú lọ. Lẹ́yìn òrùlé, gọ́tà tí ń gba omi òjò, kí ọ̀ṣọ̀rọ̀ má baà máa ṣàn sí ìdí ògiri. Lẹ́yìn náà ni kí á hó sìmẹ́ǹtì, kí á fi láìmù rẹ́ ẹ padà. Ojú ilé ló gbẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe ka ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fi orúkọ rẹ̀ gbé, àwọn èèyàn ń nawọ́ sí ojú ilé, sí àtẹ̀gùn, sí fèrèsé iwájú, bí ẹni ń du ẹran Iléyá. Nígbà tí wọ́n kan gọ́tà, ọwọ́ kankan kò gòkè. Ẹ dákun, ta ló fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ baba òun sára gọ́tà?

Gbànjo ló tẹ̀ lé e. Wọ́n ta àwòrán mélòó kan, wọ́n ta aṣọ òkè kan, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, owó ń gòkè. Ara olùdarí ètò ti yá gágá. Ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, tí wọ́n gbé ti ògiri, igi dúdú, ìdè irin rẹ̀ ti dógùn-ún. Olùdarí ètò gbọ́wọ́ lé e, ó ní ìrántí ilé Àgùdà gidi rèé, ta ni yóò bẹ̀rẹ̀? Ohùn kan dìde láti ẹ̀yìn, níbi tábìlì tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

“Ọmọ mi, ilẹ̀kùn wo lò ń tà yẹn?”

“Ẹ má bínú, màmá. Ilẹ̀kùn ilé tí a torí rẹ̀ pé jọ ni.”

“Ibẹ̀ ni mo sùn lánàá. Bí o bá tà á, kí ni n ó fi tì í lálẹ́ òní?”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró, ó fi ọwọ́ kan di gèlè rẹ̀ mú, ó ń retí èsì. Ó wá hàn pé káfíńtà ló yọ ilẹ̀kùn náà láti fi wọn àwọn mìíràn, pé ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àtúnṣe ilé náà ló ní kí wọ́n gbé e wá fún ọ̀ṣọ́ alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ti fi pákó méjì kan ẹnu ọ̀nà ìyá náà pa láti ọ̀sán. Wọ́n dá ilẹ̀kùn náà padà lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí ni ibi tí wọ́n fi ìyá náà sí. Òun ló dàgbà jù nínú ọmọ tó kù nínú ìdílé náà, ẹ̀bá ilé ìdáná sì ni wọ́n ti fún un ní ìjókòó, nítorí pé ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ní Ìkẹjà tó sì mọ ìwé, ni ìgbìmọ̀ ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Òfin Èkó ti sọ̀rọ̀ lórí èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n dá ní Èkó ní 1908 lórí ilé ìdílé Olóyè Mabinuori tó kú ní 1874, ilé ẹjọ́ ní Dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin tó wà láàyè, ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ olórí ẹbí. Bí òun náà bá kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù ni yóò bọ́ sí ipò náà, ì báà ṣe ọkùnrin, ì báà ṣe obìnrin. Ilé ìdílé kì í ṣe ti ẹnì kan. Ẹni tó bá ń tún un ṣe láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn olórí ẹ̀ka mọ̀ sí i, oko olóko ló ń ro, ọjọ́ tí ẹ̀ka kan bá sì gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, kò sí àsè tó lè dá katakátá dúró.

Ẹ ò ní gbàgbé ilé Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Ìlójò ní Ìta Tinúbú. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní 1855. Ó di ti ìdílé Ọláìyá ní 1933. Ní 1956 ni ìjọba kéde pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án, 2016, wọ́n wó o lulẹ̀. Mo lọ wo ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń ṣa irin nínú òkìtì náà. Ẹjọ́ ta ni ó jàre kọ́ ni mo wá dá níhìn-ín. Ọgọ́ta ọdún ni ilé yẹn fi wà lábẹ́ àkọsílẹ̀ ìjọba, ìwé yẹn kò sì fi páánù kan kún orí rẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kí àwọn tó ń gbé abẹ́ òrùlé tó ń jò fi orúkọ ohun ìrántí ṣe nígbà òjò?

Ẹ wo àwọn tó kù, kí ẹ sì bi ara yín léèrè ohun tó gbà wọ́n là. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins, João Baptista da Costa tó jẹ́ Àgùdà ló kọ́ ọ pẹ̀lú Sanusi Aka, wọ́n ṣí i ní 1894. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ni wọ́n ń kírun níbẹ̀, nítorí náà, bí omi bá jò sórí ẹní lówùúrọ̀, ẹnì kan yóò ti ké kó tó di ọ̀sán. Jaekel House, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, nínú ọgbà rélùwéè ní Èbúté-Mẹ́ta, 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Legacy, àwọn tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, tún un ṣe, wọ́n sì kó àwọn ohun ìrántí ọkọ̀ ojú irin sínú rẹ̀, èèyàn ń wọlé, èèyàn ń jáde. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Broad Street ti di Freedom Park láti 2010, eré àti orin sì ń lọ níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Ilé Omi ní òpópónà Kakawa, ilé ìdílé da Rocha. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, ló padà wálé láti Brazil pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Candido. Omi tó wà nínú ọgbà ilé náà ni wọ́n ń tà fún ará Èkó, kó tó di pé omi ẹ̀rọ ti Ìjù dé ní 1915, orúkọ ilé náà sì ti ibẹ̀ wá. Ilé tó ń bọ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Èmi rò pé ìgbìmọ̀ tó bá ń wá owó fún ilé àtijọ́ yẹ kí ó bi ilé náà léèrè ohun tí ó lè tà, kó tó bi àwa àlejò.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé owó àsè náà. Ìlérí tí wọ́n kà lálẹ́ ọjọ́ yẹn pọ̀, a pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ta wá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, akápò ìgbìmọ̀ náà pè mí lórí fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí kí mi láti orí ilé dé orí ọmọ, mo sì mọ ohun tí ó ń bọ̀ wá sọ kó tó sọ ọ́: èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ níwájú yín yìí wà lára àwọn tó ṣèlérí tí kò tíì san. Mo san án lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ kò san títí di òní. Èyí tó sì wọlé, ó tó láti ṣe òrùlé, ó tó láti hó ẹ̀gbẹ́ kan ògiri, kò tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ilé tí gbogbo wa ń du sì wà bí ó ṣe wà.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn ló tún nǹkan ṣe. Ìgbìmọ̀ lọ bẹ ìyá náà, wọ́n lọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà. Ó pe àwọn olórí ẹ̀ka ìdílé jọ fúnra rẹ̀, ẹ̀ka mẹ́ta nínú mẹ́rin ti tọwọ́ bọ̀wé pé wọn kò ní ta ilé náà níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ẹ̀ka kẹrin ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo bá ìgbìmọ̀ dábàá pé kí wọ́n pín àwa tó ń dáwó sí ẹgbẹ́ kéékèèké, èèyàn mẹ́fà mẹ́fà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba oṣù méjì méjì lọ́dún, kí wọ́n gun òkè lọ kó ewé kúrò nínú gọ́tà, kí wọ́n wo abẹ́ páánù, kí wọ́n san owó káfíńtà fún ohun tó bá bàjẹ́ ní oṣù tiwọn. Iye tí yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó owó ìjókòó kan ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn. Àwọn kan ní iṣẹ́ yẹn kò yẹ ènìyàn ńlá. Ẹgbẹ́ tèmi gun òkè lóṣù Kẹta kí òjò tó dé; a rí bọ́ọ̀lù ọmọdé méjì àti ẹyẹlé kan tó ti pa ẹyin sínú gọ́tà, a sì fi ẹyẹlé sílẹ̀.

Wọ́n fẹ́ tún ṣe àsè mìíràn ní oṣù Kejìlá. Lọ́tẹ̀ yìí, àgbàlá ilé náà gan-an ni wọn yóò ti ṣe é, ìyá náà sì ti ní òun ni yóò se ẹ̀wà, kí òtẹ́ẹ̀lì má dá sí i. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe fún wa: pákó àjà kò tíì lágbára tó, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gòkè lọ wò ó, kí wọ́n má ju mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n sì bọ́ bàtà sísàlẹ̀.